Àwòrán inú orí: bí ayé ṣe kọ́ láti rí àìsàn Alzheimer kí aláìsàn tó kú

 

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látilé. Ìyá tó bí ìyá mi, aláṣọ ni wọ́n. Wọn ò kàwé rárá, ṣùgbọ́n gbogbo gbèsè tí àwọn oníbàárà jẹ wọ́n, inú orí ni wọ́n ń kọ ọ́ sí. Wọ́n mọ ẹni tí owó léèsì rẹ̀ ṣẹ́ kù láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n sì mọ iye tó kù gan-an. Nígbà tó yá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí á tó jẹun tán. Lẹ́yìn náà, wọ́n ń pè mí ní orúkọ àbúrò wọn tó ti kú kí wọ́n tó bí mi. Lọ́jọ́ kan, wọ́n jáde lọ sí ọjà tí wọ́n ti ń ná láti bí ogójì ọdún, wọn ò sì mọ ọ̀nà ilé mọ́.

Ẹbí ní, "Wọ́n ń ṣarán ni. Àgbà ti dé." Àwọn kan ládùúgbò sọ ohun tó burú ju ìyẹn lọ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí wọ́n máa ń pe obìnrin arúgbó tó bá ń dá sọ̀rọ̀ lóru. Màmá ti lọ báyìí. Títí dòní, kò sí ẹnì kankan tó lè sọ fún mi ohun tó ṣe wọ́n gan-an.

Ìdí nìyí tí mo fi wá ìtàn òní lọ. Báwo ni ọmọ aráyé ṣe dé ibi tí dókítà ti lè wo inú orí ẹni tó ṣì wà láàyè, kó sì rí àmì àìsàn ìgbàgbé tí wọ́n ń pè ní Alzheimer? Ọ̀nà yẹn jìn. Fún bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú ní láti dúró dìgbà tí aláìsàn bá kú.

Obìnrin kan ní Frankfurt

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1901, wọ́n gba obìnrin kan sí ilé ìtọ́jú àwọn alárùn ọpọlọ ní ìlú Frankfurt, ní Jámánì. Auguste Deter lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún 51 péré ni, ọkọ rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin. Kí wọ́n tó gbé e wá, ó ti ń bá ọkọ rẹ̀ jowú láìnídìí, ó ń kó ẹrù pamọ́ kiri inú ilé, oúnjẹ tó ti ń sè láti ìgbà tó ti délé ọkọ kò ṣeé sè fún un mọ́.

Dókítà kan tó ń jẹ́ Alois Alzheimer jókòó tì í. Ó ní, "Kí lorúkọ rẹ?" Obìnrin náà dáhùn pé, "Auguste." "Orúkọ ìdílé rẹ ńkọ́?" "Auguste." "Kí lorúkọ ọkọ rẹ?" Ó ronú díẹ̀, ó ní, "Auguste, mo rò bẹ́ẹ̀." Dókítà ní kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sílẹ̀, kò lè kọ ọ́ parí. Ọ̀rọ̀ kan tó sọ wà lára ohun tí gbogbo ẹni tó mọ ìtàn yìí máa ń rántí: "Mo ti sọ ara mi nù."

Alzheimer fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ìbéèrè àti ìdáhùn náà sílẹ̀. Ó rí ìwà obìnrin náà, ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tó lè gbà rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn agbárí rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Auguste kú ní oṣù kẹrin ọdún 1906. Nígbà yẹn, Alzheimer ti kó lọ sí ìlú Munich, ṣùgbọ́n kò gbàgbé rẹ̀. Ó ní kí wọ́n fi ọpọlọ obìnrin náà ránṣẹ́ sóun. Wọ́n gé e pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, wọ́n fi aró tí wọ́n fi fàdákà ṣe kùn ún, ó sì gbé e sábẹ́ maikirosikóòpù. Ohun méjì ló rí. Àkọ́kọ́ ni ìdọ̀tí tó dì káàkiri àárín àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ. Èkejì ni okùn tín-ín-rín tó ta kókó, tó lọ́ mọ́ra wọn nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn. Lónìí a mọ̀ pé purotéènì tí wọ́n ń pè ní amyloid ló di ìdọ̀tí yẹn, òmíràn tí wọ́n ń pè ní tau ló sì ta kókó.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1906 kan náà, Alzheimer dìde níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Tübingen, ó ṣàlàyé ohun tó rí. Kò sẹ́ni tó béèrè ìbéèrè kankan. Wọ́n kọjá sórí ọ̀rọ̀ tó kàn. Ní 1910 ni ọ̀gá rẹ̀, Emil Kraepelin, fi orúkọ Alzheimer pe àìsàn náà nínú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn tó kọ.

Ẹ ṣàkíyèsí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tò. Ní 1901 ni ìbéèrè wáyé. Ní 1906, lẹ́yìn ikú, ni ẹ̀rí jáde. Ọdún márùn-ún ló wà láàárín méjèèjì, kò sì sí ohun tí ẹ̀rí yẹn lè ṣe fún Auguste mọ́. Gbogbo ìtàn àwòrán ọpọlọ látìgbà yẹn, ìsapá láti dí àlàfo yẹn ni.

Egungun tó ṣíji bo ọpọlọ

Ẹnì kan lè ní, ṣebí X-ray ti wà nígbà yẹn? Òótọ́ ni. Wilhelm Röntgen ti ṣàwárí rẹ̀ ní 1895, ní Jámánì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun ni X-ray máa ń fi hàn dáadáa. Ọpọlọ rọ̀, omi pọ̀ nínú rẹ̀, agbárí sì yí i ká. Tí ẹ bá ya X-ray orí, agbárí lẹ máa rí. Ọpọlọ inú rẹ̀ yóò dà bí ìkùukùu.

Ní nǹkan bí 1918 sí 1919, oníṣẹ́ abẹ kan ní Baltimore, ní Amẹ́ríkà, Walter Dandy, dá ọgbọ́n kan. Ó fa omi tó wà nínú ọpọlọ jáde, ó fi afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀, ó wá ya X-ray. Afẹ́fẹ́ náà jẹ́ kí àwọn ihò inú ọpọlọ hàn. Ó ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìyà ni fún aláìsàn. Orí á máa fọ́ wọn gidi, wọ́n á máa bì. Síbẹ̀ ọgbọ́n yìí ni wọ́n lò fún bí àádọ́ta ọdún. Ta ló máa gbé ìyá rẹ̀ tó ti lé ní àádọ́rin ọdún lọ fún irú rẹ̀ torí pé ó ń gbàgbé nǹkan?

Ìyípadà dé láti ibi tí a kò fọkàn sí. Iléeṣẹ́ EMI ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ mọ́ orin, torí ọ̀dọ̀ wọn ni àwo The Beatles ti jáde, ní ẹnjinníà kan tó ń jẹ́ Godfrey Hounsfield. Hounsfield rò ó pé bí a bá ya X-ray orí láti igun oríṣiríṣi, tí a sì gbé ìṣirò rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á lè to ohun tó wà nínú rẹ̀ bí ẹni gé búrẹ́dì. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1971, ní ilé ìwòsàn Atkinson Morley ní Wimbledon, wọ́n ya orí obìnrin kan tí wọ́n fura pé kókó wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Kókó náà hàn kedere. Bí CT scan ṣe dé ayé nìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ráhùn pé kámẹ́rà fóònù yín kò mọ́lẹ̀ tó, ẹ gbọ́ o. Àmì 80 lóròó, 80 níbùú ló para pọ̀ di àwòrán ìgbà yẹn. Ó dúdú, ó funfun, ó rí wúruwùru. Ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ènìyàn máa rí ọpọlọ alààyè láìgé orí, láìfẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Ní 1979, Hounsfield àti Allan Cormack, ọmọ South Africa tó ti ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́tọ̀, gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀.

Lẹ́yìn CT ni MRI dé. Òòfà ńlá ni MRI ń lò, kò lo X-ray. Paul Lauterbur ní Amẹ́ríkà gbé àwòrán àkọ́kọ́ irú rẹ̀ jáde ní 1973, Peter Mansfield ní Nottingham sì ṣiṣẹ́ kí ó lè yá kánkán. Àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2003. MRI jẹ́ kí dókítà rí apá kékeré kan tó fara sin nínú ọpọlọ, ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ etí, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Hippocampus ni wọ́n ń pè é. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tuntun ń gbà kọjá kó tó di ohun tí à ń rántí. Nínú àìsàn Alzheimer, ibẹ̀ wà lára ibi tó kọ́kọ́ máa ń sún kì. Ìdí rèé tí màmá fi lè rántí ìgbéyàwó wọn láìyẹ̀, kí wọ́n má sì rántí ohun tí wọ́n jẹ láàárọ̀. Ní 1992, Philip Scheltens àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands gbé òṣùwọ̀n kan kalẹ̀, láti 0 dé 4, tí dókítà lè fi ojú lásán wọn bí apá yẹn ṣe sún kì tó lórí MRI. Wọ́n ṣì ń lò ó títí dòní.

Ẹ̀rọ kẹta ni PET. Èyí kò wo bí ọpọlọ ṣe rí, iṣẹ́ tó ń ṣe ló ń wò. Ní 1976, ní Yunifásítì Pennsylvania, wọ́n fún ènìyàn ní irú ṣúgà kan tó ń tú ìtànṣán díẹ̀ jáde, wọ́n sì wo ibi tí ọpọlọ ti ń jẹ ẹ́. Nígbà tí wọ́n lò ó fún àwọn alárùn Alzheimer ní àwọn ọdún 1980, wọ́n rí i pé àwọn ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn orí ti dákẹ́, wọn kò jẹ ṣúgà bó ṣe yẹ mọ́.

Síbẹ̀síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Ọpọlọ lè sún kì nítorí ọjọ́ orí. Ó lè dákẹ́ nítorí àìsàn mìíràn. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà kọ ìlànà bí dókítà á ṣe máa pe àìsàn yìí ní 1984, wọ́n pín in sí ìsọ̀rí. Fún ẹni tó wà láàyè, ibi tí dókítà lè sọ ọ́ dé ni pé, "ó jọ pé Alzheimer ni." Kí ó tó lè ní "Alzheimer ni dájúdájú," àfi kí wọ́n rí ẹran ara ọpọlọ fúnra rẹ̀. Ọdún 78 lẹ́yìn Tübingen, ẹ̀rí ṣì wà lẹ́yìn ikú.

Aró tó wọ orí alààyè

Ẹ rántí aró tí Alzheimer fi kun ọpọlọ Auguste. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ àdìrẹ mọ̀ pé aró kì í mú gbogbo ibi bákan náà. Ibi tó bá mú ló ń fi hàn yín. Aró ló mú àṣírí jáde ní 1906. Ìbéèrè tí William Klunk àti Chester Mathis ní Yunifásítì Pittsburgh wá ń béèrè ni pé, ṣé a kò lè rí aró tó máa wọ ọpọlọ ẹni tó wà láàyè, tó máa lẹ̀ mọ́ amyloid, tí ẹ̀rọ PET á sì rí i láti ìta?

Ó gbà wọ́n lọ́pọ̀ ọdún. Àwọn aró tí wọ́n ń lò lábẹ́ maikirosikóòpù kì í fẹ́ wọ ọpọlọ láti inú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n ń yí i padà díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi rí ọ̀kan láti ara aró tí wọ́n ń pè ní thioflavin T. Wọ́n so èròjà kan tó ń tú ìtànṣán jáde mọ́ ọn, èyí tí agbára rẹ̀ máa ń dín kù sí ìdajì ní gbogbo 20 ìṣẹ́jú. Wọ́n pè é ní Pittsburgh Compound B. Ní oṣù kejì ọdún 2002, ní ìlú Uppsala ní Sweden, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un fún alárùn Alzheimer fún ìgbà àkọ́kọ́. Amyloid tàn lójú ẹ̀rọ. Ní 2004, wọ́n gbé èsì jáde lórí aláìsàn 16 àti ènìyàn 9 tí ara wọn le.

Bí aró náà ṣe ń tètè kú jẹ́ kó jẹ́ pé ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tó ń ṣe é nìkan ló lè lò ó. Nítorí náà wọ́n ṣe òmíràn tó lè dúró fún wákàtí mélòó kan, FDA, àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà, sì fọwọ́ sí ọ̀kan nínú rẹ̀ ní 2012. Ní 2020, wọ́n fọwọ́ sí èyí tó ń fi tau hàn. Ìdọ̀tí àti okùn tó ta kókó, ohun méjèèjì tí Alzheimer rí lára òkú, ti wá ṣeé rí lára alààyè.

Ibí ni ọ̀rọ̀ "ní kíákíá" ti wọlé. Àwọn àwòrán yìí fi hàn pé amyloid lè ti máa kó jọ fún ọdún 15 sí 20, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹni náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan. Ṣùgbọ́n wọ́n tún fi ohun mìíràn hàn: àwọn àgbàlagbà kan wà tí amyloid pọ̀ lórí wọn, tí orí wọn sì pé pérépéré. Nítorí náà, àwòrán nìkan kò tó. Ẹni tí ìrántí rẹ̀ ń dín kù, tí ẹbí rẹ̀ ti ṣàkíyèsí, tí dókítà ti bi ní ìbéèrè, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ṣì rú wọn lójú, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni àwòrán wúlò fún jù.

Ó sì wúlò fún wọn lóòótọ́. Nínú ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà tí èsì rẹ̀ jáde ní 2019, tí aláìsàn inú rẹ̀ lé ní 11,000, ìtọ́jú tí dókítà ń gbèrò yí padà fún bí 60 nínú ọgọ́rùn-ún wọn lẹ́yìn àwòrán amyloid. Ní nǹkan bí ìdámẹ́rin, dókítà tó ti ń sọ pé Alzheimer ni wá rí i pé kì í ṣe òun. Lónìí oògùn tún wọ̀ ọ́. Lecanemab, tí FDA fọwọ́ sí pátápátá ní 2023, ń fa amyloid kúrò. Kì í wo àìsàn náà sàn. Ó dín ìyára rẹ̀ kù ní bí 27 nínú ọgọ́rùn-ún láàárín oṣù 18. Wọn kì í sì fún èèyàn láì kọ́kọ́ fi hàn pé amyloid wà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ya MRI léraléra, torí pé ó lè mú kí ọpọlọ wú tàbí kí ẹ̀jẹ̀ dà sí i.

Ìdíkàn, ní Ìbàdàn

Báyìí, ìbéèrè kan wà tí kò jẹ́ kí n sùn. Orí àwọn wo ni wọ́n ya nínú gbogbo ìwádìí àwòrán yìí? Púpọ̀ jù nínú wọn jẹ́ òyìnbó, ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú ìwádìí pàtàkì jù lọ láyé lórí àìsàn yìí láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti ṣe é.

Ní 1992, Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn àti Hugh Hendrie ti Yunifásítì Indiana bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan pọ̀. Lẹ́yìn tí Ọ̀ṣúntókun kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì àti àwọn yòókù ń bá a lọ. Wọ́n wá àwọn àgbàlagbà ọmọ Yorùbá tó ti pé ọdún 65 ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn aláwọ̀ dúdú ọjọ́ orí kan náà ní ìlú Indianapolis. Èsì jáde ní 2001. Lọ́dọọdún, 1.15 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń ní Alzheimer ní Ìbàdàn, nígbà tó jẹ́ 2.52 ní Indianapolis. Ó ju ìlọ́po méjì lọ. Èsì yẹn jẹ́ kí àwọn onímọ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ nìkan ló ń fa àìsàn yìí, pé bí a ṣe ń gbé ayé náà lọ́wọ́ sí i.

Kì í ṣe aró Pittsburgh ni wọ́n fi ṣe é, torí kò tíì sí nígbà yẹn. Ilé dé ilé ni wọ́n lọ. Wọ́n ní ìbéèrè tí wọ́n ṣe fún ẹni tí kò kàwé, wọ́n túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n bi arúgbó náà, wọ́n sì bi ẹni tó ń gbé pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni dókítà tó yẹ wọ́n wò. Ẹ rí i pé ohun tí Alzheimer ṣe ní 1901 náà nìyẹn: ó jókòó, ó béèrè, ó fetí sílẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwòrán kò wá láti gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ wa. Ohun tí ìbéèrè kò lè dáhùn ló wá dáhùn.

Kí ni ká ṣe nílé?

Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé CT àti MRI wà ní àwọn ìlú ńlá wa, ṣùgbọ́n owó gidi ni, àpò ẹbí ló sì sábà máa ń ti jáde. Ìròyìn ayọ̀ kan ni pé ní 2025, FDA fọwọ́ sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́ tó ń wá àmì amyloid fún àwọn tí ìrántí wọn ti ń dín kù. Ẹ̀jẹ̀ rọrùn láti fà ju kí a gbé ẹ̀rọ PET wọ̀lú lọ.

Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ má fojú kéré CT lásán. Ohun tó ṣe pàtàkì jù tó lè sọ fún ẹbí ni pé kì í ṣe Alzheimer. Àgbàlagbà tó ṣubú ní balùwẹ̀ lóṣù tó kọjá lè ní ẹ̀jẹ̀ tó dì sábẹ́ agbárí. Ó lè jẹ́ kókó, ó lè jẹ́ omi tó pọ̀ jù nínú ọpọlọ. Àwọn kan nínú wọn ṣeé tọ́jú, ìrántí sì lè padà. Tí a bá ti ní "arán ni," a ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ gbogbo ìyẹn.

Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Ní ilé wa, a ò wá ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n kankan. Kò sẹ́ni tó gbé màmá lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí ìgbàgbé yẹn, títí kan èmi tí mo ti wà ní yunifásítì nígbà náà. Bóyá Alzheimer ni. Bóyá ẹ̀jẹ̀ kékeré kan tí wọ́n lè fà jáde ni. N kò ní mọ̀ láéláé.

Tí màmá tàbí bàbá yín bá ti ń bi yín ní ìbéèrè kan náà ṣáá, tí wọ́n ń ṣìnà níbi tí wọ́n mọ̀ dáadáa, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ ṣàkíyèsí rẹ̀ sórí fóònù yín. Ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ mú un lọ bá dókítà, kí ẹ sì bá wọn wọlé, torí ẹ̀yin ni ẹ mọ bí wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀.

Ibi tí a máa dánu dúró sí lónìí nìyí. Ẹ fi í ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí yín lórí WhatsApp, pàápàá ẹni tó máa ń ní "àgbà ló dé." Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ẹ bá mi kí àwọn àgbà ilé.